Abẹ́rẹ́ Tí Kò Lóògùn Nínú

Bí ẹnikẹ́ni bá tún wí létí mi pé omi ló dànù, agbè kò fọ́, màá da omi aró lé e lórí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ sá ti sá. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń tu ìyá ọmọ tó kú nínú ni. Kò burú lẹ́nu ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ wo agbè náà wò kí ẹ tó ní kò fọ́. Èyí tí mo fojú ara mi rí nílé bàbá mi ní Ìgbọ̀nà, ó ti fọ́ yángá, àwọn èèyàn sì ń wọlé wá kí i pé ó kú oríire.

Raliat ni orúkọ mi. Aró ni mò ń rẹ ní ẹ̀yìnkùlé bàbá mi, Sàláúdéènì. Mo ti lọ sílé ọkọ rí, mo sì padà. Wọ́n ní ẹnu mi ló lé ọkọ mi lọ. Irọ́ ni, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló gbé e lọ. Yàrá méjì tó kọjú sí títì nínú ilé wa, tọkọtaya Ìjẹ̀ṣà kan ló ń gbé ibẹ̀. Ọlọ́runyọmí lọkọ, akọ̀wé ní ọ́fíìsì kánsù, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í gbóhùn sókè bí iná bá tilẹ̀ jó o. Phebe ni ìyàwó, aránṣọ. Ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n bí kú kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé. Nígbà tí èkejì dé, wọ́n sọ ọ́ ní Dúrósinmí, bóyá á gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Dúró ni gbogbo wa ń pè é. Bí mo bá ń rẹ aṣọ, á ti ọwọ́ bọ ìkòkò aró mi, á fi ọwọ́ náà nu ògiri funfun bàbá mi, á sì sá tọ ìyá rẹ̀ lọ. Gìrì mú un láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, lọ́dún 1976. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti lọ.

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é. Òbí kì í sin ọmọ, wọn kì í sì í jẹ́ kí òbí mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Bàbá Ọlọ́rundáre, àbúrò bàbá ọkọ, ló fi ẹní wé e, tó gbé e gba ẹ̀yìnkùlé jáde, nígbà tí àwa obìnrin di Phebe mú nínú yàrá. Ìyá ọkọ, Màmá Julianah, wọ ọkọ̀ láti Iléṣà dé lọ́jọ́ kejì. Ó kó aṣọ ọmọ náà, ó kó abọ́ rẹ̀, ó kó bàtà rẹ̀, kò ṣẹ́ ku ohun tí ojú lè rí. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe Phebe ní Ìyá Dúró mọ́. Ó tún ní kò gbọdọ̀ sunkún, pé ẹkún ìyá a máa dínà mọ́ ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ti gbé ọmọ lọ, ó kó ẹrù, ó kó orúkọ, ó wá fi ẹkún pàápàá sí i. Kí ló wá kù fún obìnrin náà?

Phebe kò sunkún. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sí ògiri, àwọn èèyàn sì ń wá yìn ín. Wọ́n ní obìnrin bí ọkùnrin ni. Wọ́n ní ó ti gba kámú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n fi í ṣe àpẹẹrẹ níwájú ìjọ, wọ́n ní ẹ wá wo ẹni tó fara mọ́ ìfẹ́ Ọlọ́run. Ẹni tí kò wẹ̀, tí eṣinṣin ń bà lé lẹ́nu tí kò lé e, òun ni ẹ ń pè ní àpẹẹrẹ? Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà níbi tó wà, ìpẹta bo abẹ́rẹ́ rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ dé, ó bá a níwájú ògiri. Àgbàdo tuntun jáde, mo sè é lọ fún un, ó tutù sọ́wọ́ rẹ̀. Akọ̀wé mú un lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fún un ní hóró oògùn. Ó ń gbé e mì, ó ń sùn. Bó bá sì jí, ògiri náà ló tún máa kọjú sí.

Èmi kì í ṣe dókítà, àmọ́ mo mọ aṣọ tó ń kú. Bí aṣọ bá ń gbó, kì í pariwo.

Ìyá mi, Àgbékẹ́, ní ìrora eékún nígbà náà. Dókítà kan tí ń jẹ́ Béjidé ló ń tọ́jú rẹ̀ ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Alẹ́kùwodò, lókè ibi tí wọ́n ti ń tún rédíò ṣe. Ọmọ Iléṣà ni. Ìlú òyìnbó ló ti kàwé, ó wá gba Hong Kong lọ kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà kó tó padà wálé. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín báyìí ló máa ń gún mọ́ ìyá mi lórúnkún, á fi wáyà so ó mọ́ àpótí kékeré kan tó ń lo bátìrì, iná á máa sáré díẹ̀díẹ̀ láti inú àpótí wọnú abẹ́rẹ́. Ìyá mi tí kò lè kúnlẹ̀ kírun tẹ́lẹ̀ ti ń kúnlẹ̀. Mo bi dókítà léèrè lọ́jọ́ kan bóyá abẹ́rẹ́ náà lè dé ibi tí kì í ṣe orúnkún.

“Ibo?” ló wí.

Mo sọ ti Phebe fún un. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, èyí tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í ṣe.

“Mi ò ní parọ́ fún yín,” ló ní. “Ìbànújẹ́ máa ń di àìsàn sí ẹlòmíràn lára, bí ibà ṣe ń di àìsàn. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, wọ́n ń lo abẹ́rẹ́ oníná yìí fún un. Ara àwọn kan yá níṣojú mi. Àwọn kan kò rí ìyàtọ̀ kankan. Kó má ṣe dá hóró oògùn tí wọ́n fún un dúró. Ẹ mú un wá, ká wò ó.”

Ọ̀rọ̀ tí kò ní ìlérí nínú ni, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà á gbọ́. Mo bá akọ̀wé sọ ọ́. Ó ní ká má jẹ́ kí ìyá òun gbọ́. Mo ní ṣé èmi ni mò ń gbé Iléṣà ni? Àwa méjèèjì la mú Phebe ní apá kọ̀ọ̀kan lọ sí Alẹ́kùwodò. Ó ń bá wa rìn bí ọmọdé tí oorun ń kùn.

Dókítà dá a dùbúlẹ̀. Ó gún abẹ́rẹ́ kan sí àtàrí rẹ̀, ó gún kan sí iwájú orí, láàárín ojú rẹ̀ méjèèjì, ó gún sí ọrùn ọwọ́ àti ojúgun. Phebe kò mira. Èmi tí wọn kò gún ni mò ń ké bísímílláhì.

“Dókítà,” mo ní, “oògùn rẹ̀ dà? Òfìfo abẹ́rẹ́ lẹ fi gún un.”

“Kò sí oògùn nínú rẹ̀, Raliat.”

“Kí ló wá ń ṣe?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó yí kókó ara àpótí rẹ̀, abẹ́rẹ́ iwájú orí Phebe sì bẹ̀rẹ̀ sí mì fúnra rẹ̀, kẹ́kẹ́, kẹ́kẹ́, bí ẹni tí ń fi ìka kan ilẹ̀kùn. “Ó ń kanlẹ̀kùn,” ni mo sọ, dókítà sì ní òun kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ rí.

A ń lọ, a ń bọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Ìgbà tí a tún lọ, kò sí nǹkan kan. Inú ń bí mi sí àpótí náà, mo sì ń bínú sí ara mi tí mo fi ọkàn ẹlòmíràn balẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé ọbẹ̀ lọ fún Phebe, ó tọ́ ọ wò, ó wò mí lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà ọyẹ́, ó ní, “Àǹtí Raliat, iyọ̀ ò sí nínú ọbẹ̀ yìí.” Ẹ gbà mí! Èmi Raliat, tí gbogbo Ìgbọ̀nà mọ ọbẹ̀ mi! Mo fẹ́ jà, mo fẹ́ jó, mi ò mọ èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe. Mo bu iyọ̀ wá, ó jẹun. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó da omi sára fúnra rẹ̀.

Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó gún abẹ́rẹ́ tán, ó bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń bá a sọ̀rọ̀ kó tó tan àpótí rẹ̀. Ó ní, “Ẹ kú ìrọ́jú o. Kí ni kí n máa pè yín?”

Ó ti mọ́ wa lára pé kì í dáhùn. Ó dáhùn. Ó ní, “Ìyá Dúró ni mí.”

Ó wá ya ẹnu, ẹkún jáde. Mi ò gbọ́ irú ẹkún bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tí ń tún rédíò ṣe nísàlẹ̀ pa rédíò wọn. Akọ̀wé sáré dìde láti dì í mú, dókítà sì fi ọwọ́ dá a dúró. Ó yọ abẹ́rẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ní, “Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹkún yìí ti pẹ́ lọ́nà.”

Ó sunkún dé ilé. Ó sunkún lọ́jọ́ kejì, ó sunkún lọ́jọ́ kẹta. Tó bá sunkún tán, á jẹun, á sùn, á jí, á bá mi pọn omi, á sì tún sunkún. Lójú tèmi, aṣọ ti ń mú aró. Àmọ́ ojú kan náà kọ́ ni gbogbo wa fi ń wò ó. Àwọn tó yìn ín nígbà tó dákẹ́, wọ́n wá ń rìn kọjá níwájú ilé wa, wọ́n ń mi orí. Wọ́n ní ọ̀ràn náà ti dé orí rẹ̀. Wọ́n ní Mùsùlùmí aláró kan ló mú un lọ síbi tí wọ́n ti tan iná mànàmáná sí i lọ́pọlọ. Ẹni tó ń kú lọ tí kò pariwo, òun ni ara rẹ̀ le. Ẹni tó jí dìde tó ń ké ọmọ rẹ̀, òun ni wèrè. Ẹ bá mi wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ irú ọgbọ́n yìí, kí n lọ dáná sun ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dé Iléṣà. Màmá Julianah dé pẹ̀lú takisí tó háyà, ó sì ní kí dírẹ́bà má paná ẹ́ńjìnnì.

“Ọmọ tó ti gba fún Ọlọ́run!” ló ń fi ohùn Ìjẹ̀ṣà ké wọlé. “Ọmọ tó dákẹ́ jẹ́jẹ́ ní ulé ara rẹ̀! Ẹ wá fi iná bọ̀ ọ́ lórí! Abẹ́rẹ́ tí è lóògùn nínú! Ta ní ń fi abẹ́rẹ́ lásán gún ènìyàn, bí è ṣe ẹni tó fẹ́ pa á?”

“Màmá, ẹ kú àbọ̀,” mo ní. “Ẹ jókòó ná, ẹ mu omi.”

“Mi è mu omi yín. Ulé àdúrà kan wà lórí òkè lọ́dọ̀ wa. Ibẹ̀ ni mò ń mú un lọ. Á gbààwẹ̀ níbẹ̀ títí ẹkún yìí á fi tán lára rẹ̀.”

“Ààwẹ̀?” Ohùn mi ti kúrò ní ohùn àlejò. “Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ adùn oúnjẹ láìpẹ́ yìí, ẹ fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀? Màmá, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run!”

Akọ̀wé dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá, báàgì ìyàwó rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti di ẹrù! Mo kọjú sí i. “Bàbá Dúró, àwa méjèèjì la jọ mú un lọ. O rí bí ara rẹ̀ ṣe ń yá. Sọ fún ìyá rẹ!” Ó ń wo bàtà rẹ̀. Ká ní bàtà ń sọ̀rọ̀ ni, ì bá ti gbà á sílẹ̀.

Bàbá mi jáde síta pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. “Raliat, fi wọ́n sílẹ̀. Ayálégbé wa ni wọ́n. Ẹbí wọn ló ni ọ̀rọ̀.”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ilé lẹ fi háyà fún wọn. Ojú mi tó rí ohun tó rí, ẹ ò fi ìyẹn háyà fún ẹnikẹ́ni.”

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Phebe jáde. Kò wé gèlè. Ojú rẹ̀ wú, àmọ́ èèyàn wà nínú ojú náà. Ó kọjá lára ọkọ rẹ̀, ó lọ dúró níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, kò sì kúnlẹ̀.

“Níbo lẹ sin ọmọ mi sí?”

Àwọn aráalé tó ti jáde síta fà sẹ́yìn. Kódà èmi náà fà sẹ́yìn, nítorí a kì í béèrè.

“Èèwọ̀!” Màmá Julianah fi ọwọ́ bo etí. “Ìyá è é béèrè bẹ́ẹ̀! Ṣé o fẹ́ pe ukú padà sí ulé ni?”

“Mo béèrè, Màmá.”

“Mẹ́ta ni ukú gbà lọ́wọ́ mi kí n tó bí ọkọ rẹ. Mẹ́ta! Mi è béèrè ọ̀kan. Mi è sunkún ọ̀kan. Ṣé mo kú ni?”

Ó fọ́nnu sọ ọ́, ó nà ró bí ọ̀pá, ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀ nìkan ló ń gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sẹ́nu láti sọ sí i bọ́ dànù. Mo bínú sí i, mo sì tún bínú sí àwọn tó ṣe é bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun náà jẹ́ ọmọge, ìbínú mi kò sì mọ ibi tí yóò jókòó.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá,” ni Phebe wí. “Èmi ń béèrè.”

Nígbà náà ni akọ̀wé gbé báàgì náà sílẹ̀. Ó la ẹnu, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

“Mo mọ ibẹ̀.”

Phebe yí padà.

“Mo tẹ̀lé Bàbá Ọlọ́rundáre lọ́jọ́ náà. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn igi. Inú oko wọn ni. Mo máa ń yà síbẹ̀ bí mo bá ń ti ọ́fíìsì bọ̀. Mo ti ro koríko ibẹ̀. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ fún ọ. Wọ́n ní á pa ọ́ lára.”

Látìgbà ọyẹ́! Ó ń ti ọ̀dọ̀ ọmọ bọ̀, á wọlé, á jókòó ti ìyá ọmọ tó ń wo ògiri, á bi í bóyá ó ti jẹun. Ooru gùn mí lórí. Àmọ́ ọwọ́ Phebe yá ju ẹnu mi lọ. Ó gbá a létí, gbàà, títí eyẹlé orí òrùlé fi fò. Ìyá ọkọ figbe ta, bàbá mi ní subuánálláhì, àwọn aráalé ní ìyàwó lu ọkọ, ayé ti bàjẹ́. Èmi ní tèmi, mo ní àlùhàmúdùlílláhì sókè ketekete. Ẹni tó lè gbá ọkọ rẹ̀ létí báyẹn, ara rẹ̀ ti ń yá.

Akọ̀wé kò gbé ọwọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. “Jẹ́ ká lọ,” ló wí.

Takisí ṣì ń kùn níta. Phebe wọnú rẹ̀, ó di ọwọ́ aláró mi mú, ó fà mí wọlé. Màmá Julianah di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, ó ní òun lòun háyà rẹ̀, òkè àdúrà ló ń lọ. Akọ̀wé rọra tú ìka ìyá rẹ̀ kúrò lára ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá,” ló ń wí. “Ẹ jọ̀ọ́.” Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí i tó ṣe bí ọkùnrin nìyẹn.

Oko náà wà lójú ọ̀nà Iléṣà. Abẹ́ igi obì ni, òkìtì kékeré kan tí koríko kò sí lórí rẹ̀. Phebe jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó gbé ọwọ́ lé e, ó sì ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè Ìjẹ̀ṣà, ohun tí kò kàn mí. Lẹ́yìn náà ó sunkún. Ọkọ rẹ̀ la ẹnu láti sọ pé ó tó, bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa. Phebe wò ó. Akọ̀wé jókòó sínú erùpẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò ọ́fíìsì rẹ̀, òun náà sì bú sẹ́kún.

Phebe kò dá abẹ́rẹ́ náà dúró. Ó ń lọ sí Alẹ́kùwodò títí dókítà fi ní ó tó. Ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá abẹ́rẹ́ ló wò ó sàn ni àbí ẹkún. Mo bi dókítà náà, ó ní òun kò lè búra sí èyíkéyìí. Kí wọ́n máa jà lórí rẹ̀. Tèmi yàtọ̀.

Lọ́jọ́ náà, nígbà tí takisí dúró, mo rò pé dírẹ́bà fẹ́ ra epo ni. Mo ní kí ló dé tá a dúró. Akọ̀wé ní a ti dé. Mo yíjú wẹ̀yìn, mo ṣì ń rí òrùlé àwọn ilé tó gbẹ̀yìn ní ìgboro. Ẹsẹ̀ lásán ni ọkùnrin yẹn fi ń rìn wá síbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, tí á sì tún dé ilé kí ọbẹ̀ tó tutù. Obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kú mọ́ ògiri nítorí ibẹ̀, ibẹ̀ kò sì jìnnà. Ohun tó ń bí mi nínú títí di òní nìyẹn. Ibẹ̀ kò jìnnà rárá.